Báwo ni mo ṣe lè mú kí API tí mo fi Python kọ máa yẹ JSON wò fúnra rẹ̀, kó sì ní ìwé àlàyé?

Lo FastAPI, ìyẹn irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń kọ API. Kọ kíláàsì kan tó jogún BaseModel ti Pydantic (irinṣẹ́ tí FastAPI fi ń yẹ dátà wò), kó o sọ irú ohun tí ibì kọ̀ọ̀kan máa gbà, bíi `ojo_ori: int = Field(ge=0)` (nọ́ńbà tí kò dín sí 0), kó o wá fi kíláàsì náà ṣe irú paramítà fọ́ńṣọ̀n rẹ. Bí ẹnì kan bá fi "ogún" ránṣẹ́ fún `ojo_ori`, fọ́ńṣọ̀n rẹ ò ní ṣiṣẹ́ rárá. Kóòdù àṣìṣe 422 lonítọ̀hún máa gbà, pẹ̀lú JSON tó tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà gan-an: `["body", "ojo_ori"]`. Àmọ́ ṣọ́ra o, "20" máa wọlé, torí Pydantic á sọ ọ́ di nọ́ńbà. Bí o ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, fi `strict=True` sínú Field.

Ní ti ìwé àlàyé, ṣí `/docs` lórí àdírẹ́sì API rẹ, ó ti wà níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kó o má gbàgbé rárá ni `response_model`, ìyẹn ibi tó o ti máa sọ ohun tí ìdáhùn API rẹ gbọ́dọ̀ ní nínú. Kọ kíláàsì mìíràn tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù nínú, kó o fi síbẹ̀. Kódà bí fọ́ńṣọ̀n rẹ bá kó gbogbo ohun tó wà nínú dátábéèsì jáde, FastAPI á yọ páásíwọ́ọ̀dù kúrò kí ìdáhùn tó lọ.