Kí ni “yoga” túmọ̀ sí gan-an, báwo ló sì ṣe kan mímọ ara ẹni?

Ìbéèrè: Wọ́n ní yoga àwọn Híńdù àtijọ́ máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ ara rẹ̀. Ohun tí mò ń rí kò ju kí wọ́n máa tẹ̀, kí wọ́n máa nà lórí ẹní lọ. Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí, ibo lèèyàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Títẹ̀ àti nínà yẹn wà nínú yoga lóòótọ́, àmọ́ apá kékeré ni. Nínú Yoga Sutra tí Patanjali kó jọ ní Íńdíà, ó ti lé ní 1,500 ọdún báyìí, gbólóhùn kúkúrú 195 ló wà (àwọn ẹ̀dà kan kà á sí 196). Mẹ́ta péré ló dá lé ìjókòó ara, èyí àkọ́kọ́ sì kàn ní kí ìjókòó náà dúró ṣinṣin, kó sì tuni lára. Gbólóhùn kejì nínú ìwé náà ló sọ ìtumọ̀ yoga: yogaś citta-vṛtti-nirodhaḥ. Chitta ni ohun tó ń ronú nínú wa. Ìgbì tó ń ru lójú rẹ̀ ni vritti. Nirodha ni kí ìgbì náà rọlẹ̀. Gbólóhùn kẹta wá ní nígbà náà ni ẹni tó ń wò yóò dúró nínú ìwà tirẹ̀ gan-an, ìkẹrin sì ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò máa ka ìgbì náà sí ara rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ èyí sí Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà “ọkàn”. Ọkàn là ń pe ohun tó ń ronú, òun náà la sì ń pe ohun tí à ń gbàdúrà kó rí ìgbàlà. Bí a bá fi ọkàn túmọ̀ chitta, tí a tún fi túmọ̀ atman, ẹni tó ń wò nínú wa, ẹ̀kọ́ náà dàrú, nítorí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí à ń rí àti ẹni tó ń rí i ni gbogbo rẹ̀ dá lé. “Inú” ló bá chitta mu jù lójú tèmi. Ẹ wo bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí, oorun ń kùn mí. Nínú gbólóhùn wọ̀nyí, ìbínú àti ẹ̀rù ló ń ṣe iṣẹ́. “Mi” ni ẹni tí iṣẹ́ náà ń ṣẹlẹ̀ sí. Patanjali kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ìyàtọ̀ tó ń tọ́ka sí kò jìnnà sí èyí. Nígbà tí inú bá ń bí yín, ẹ rọra sọ gbólóhùn náà sínú, kí ẹ sì wá ẹni tí à ń pè ní “mi” yẹn. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré lè kọ́ yín ju ìwé lọ.

Katha Upanishad, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù tó ṣáájú Patanjali, fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣàkàwé ọ̀rọ̀ kan náà. Ara ni kẹ̀kẹ́, ojú àti etí àti ìyókù wọn ni ẹṣin, manas tó ń gba ìròyìn ni ìjánu, buddhi tó ń yan èyí tó tọ́ ni awakọ̀. Atman ni ẹni tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́.

Ní ti ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka mẹ́jọ ni Patanjali kà, ìwà ló sì fi ṣíwájú: yama márùn-ún (àìṣèpalára, òtítọ́, àìjalè, ìkóra-ẹni-níjàánu nípa ìbálòpọ̀, àìṣojúkòkòrò) àti niyama márùn-ún (ìmọ́tótó, ìtẹ́lọ́rùn, ìfaradà, kíka ìwé mímọ́, fífi ara ẹni fún Olúwa). Ọ̀pọ̀ ló ń fò wọ́n. Ẹni tó parọ́ láàárọ̀ ní láti máa rántí irọ́ náà kó má baà tú. Bó bá jókòó lálẹ́, irọ́ yẹn ló máa kọ́kọ́ dé. Bí ìwà kò bá tíì tò, kò sí ìjókòó tó máa mú inú rọlẹ̀.

Fún ìjókòó fúnra rẹ̀, ẹ yan wákàtí kan náà lójoojúmọ́, ó kéré tán wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ ká aṣọ nípọn sábẹ́ ìdí kí ìbàdí ga ju orúnkún lọ. Bí kò bá ga, ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹsẹ̀ á kú, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni ẹ ó sì máa rò. Àgà náà dára. Lẹ́yìn náà ni èémí: ẹ fi àtàǹpàkò ọ̀tún dí ihò imú ọ̀tún, ẹ fa èémí gba òsì fún òǹkà 4, ẹ fi ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín dí òsì, ẹ tú u jáde gba ọ̀tún fún òǹkà 6. Ẹ fà á gba ọ̀tún, ẹ tú u gba òsì. Ìyípo kan nìyẹn. Márùn-ún tó fún olùbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá èémí dúró. Ìlànà àtijọ́ tó ní kí a dá a dúró ní ìlọ́po mẹ́rin ìfàwọlé wà lóòótọ́, àmọ́ ti ẹni tí olùkọ́ ń ṣọ́ ni, kò sì yẹ aboyún tàbí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rárá. Hatha Yoga Pradipika, ìwé àtijọ́ kan lórí yoga, kìlọ̀ pé bí a ṣe ń tu kìnnìún, erin àti ẹkùn lójú díẹ̀díẹ̀ ni kí a ṣe èémí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pa ẹni tó ń ṣe é.

Ẹ wá fi ìfiyèsí sí ṣóńṣó imú fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá ń sá, tí ẹ ń dá a padà, dharana nìyẹn. Bí ó bá ń ṣàn láìjá, bí òróró tí à ń dà láti inú ìkòkò kan sínú òmíràn, ó ti di dhyana. Ẹni tí èyí kò bá bá ìgbàgbọ́ rẹ̀ mu lè lo ohun mìíràn tó fẹ́ràn. Gbólóhùn 39 nínú orí kìíní fàyè gba èyí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkì èrò mọ́lẹ̀. Bí ẹni tó ń tẹ igbá rì sínú omi ni: ọwọ́ á rẹ̀ ẹ́, igbá á sì ta jáde. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ bá èrò jà. Ẹ rí i, ẹ má tẹ̀ lé e, ẹ padà. Ìpadà yẹn ni abhyasa, iṣẹ́ àṣetúnṣe, èyí tí Patanjali ní ó gbọ́dọ̀ pẹ́, kó má dá dúró, kó sì ti inú wá. Ìkejì rẹ̀ ni vairagya, tí àwọn kan túmọ̀ sí kíkọ ilé àti ọmọ sílẹ̀. Kí òùngbẹ nǹkan má wọ́ni nílẹ̀ mọ́ ni ó túmọ̀ sí. Onílé lè ní in.

Bí ẹ bá wá rí ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ẹ gbọ́ ohùn, ẹ má kéde rẹ̀. Orí kẹta Yoga Sutra ka irú agbára bẹ́ẹ̀ lọ rẹrẹ, ó sì sọ níbẹ̀ pé ìdènà ni wọ́n jẹ́ fún samadhi, ẹ̀ka kẹjọ, níbi tí inú ti rọlẹ̀ pátápátá. Ẹ padà sí ṣóńṣó imú.