Kí ni ìtumọ̀ pé a dá ènìyàn ní àwòrán Ọlọ́run?

Ìbéèrè náà ni pé: bí Ọlọ́run bá jẹ́ Ẹ̀mí, tí kò ní ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bí tiwa, báwo ni Jẹ́nẹ́sísì 1:26 ṣe wá sọ pé ní àwòrán Rẹ̀ ni a dá ènìyàn, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kò sì ti pa àwòrán náà rẹ́?

Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Hébérù méjì ni ó wà níbẹ̀: tselem, tí Bíbélì Yorùbá pè ní àwòrán, àti demut, tí ó pè ní ìrí. Tselem yìí kan náà ni Númérì 33:52 lò fún àwọn ère dídà tí a pàṣẹ fún Ísírẹ́lì láti pa run. Ní ọdún 1979, wọ́n hú ère gómìnà kan jáde ní Tell Fekheriye ní Síríà, èyí tí ó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣáájú ìbí Jésù. Ọ̀rọ̀ méjèèjì sì fara hàn nínú àkọlé Árámáíkì tí ó wà lára rẹ̀, ère kan ṣoṣo yẹn ni a sì fi méjèèjì pè. Ìdí nìyí tí èmi kò fi lè tẹ̀ lé Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ àtijọ́, tí ó ya àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ìrí ní ọ̀rúndún kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ ère ni láti dúró fún ẹni tí ojú kò rí níbi tí ó wà. Ní Íjíbítì àtijọ́, ọba ni wọ́n máa ń pè ní àwòrán òrìṣà. Ìtumọ̀ orúkọ Tutankhamun, ọ̀kan nínú àwọn ọba wọn, gan-an ni "àwòrán Amun tí ó wà láàyè"; òrìṣà Íjíbítì ni Amun. Oyè ọba yìí ni Jẹ́nẹ́sísì gbé lé gbogbo ènìyàn lórí, ẹsẹ 27 sì fi kún un pé "àti akọ àti abo ni ó dá wọn", kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ti ọkùnrin nìkan ni. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àṣẹ láti jọba lórí ẹja, ẹyẹ àti ẹran fi tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: aṣojú ni ènìyàn, ayé tí a fi lé e lọ́wọ́ kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù mìíràn nínú ìjọ àtijọ́, wá àwòrán náà sínú ọkàn ènìyàn, nínú ìrántí, òye àti ìfẹ́. Èrò jíjinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí nígbà tí a bá fi kọ́ni bí ẹni pé ọgbọ́n orí nìkan ni àwòrán Ọlọ́run. Kí ni a ó wá sọ nípa ìkókó tí kò tíì lè ronú, tàbí arúgbó tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́? Jẹ́nẹ́sísì 9:6, tí ó ka ìpànìyàn léèwọ̀ nítorí àwòrán yìí, kò béèrè bí òye ẹni tí a pa ti pọ̀ tó.

Ẹsẹ kan náà yìí dáhùn apá kejì ìbéèrè wa, nítorí pé ẹ̀yìn ìṣubú Ádámù àti ẹ̀yìn ìkún omi ni a sọ ọ́. Jákọ́bù 3:9 pẹ̀lú bá wa wí pé ahọ́n tí a fi ń yin Ọlọ́run ni a tún fi ń bú àwọn ènìyàn tí a dá ní ìrí Rẹ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí aláìgbàgbọ́. A kò pa á rẹ́, àmọ́ ó ti bàjẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Kólósè 3:10 kì bá tí sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin titun tí a ń sọ di ọ̀tun gẹ́gẹ́ bí àwòrán Ẹni tí ó dá a. Orí kìíní ìwé kan náà, ní ẹsẹ 15, sì ti pe Kristi ní àwòrán Ọlọ́run tí a kò lè rí, ẹni tí ó jẹ́ pé ìrí Rẹ̀ ni àtúnṣe náà ń tẹ̀ lé.