Oníbàárà gbé pístù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi: ṣé kí n yọ sẹ́fítì rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí ní Sábó, Ìkòròdú. Oníbàárà kan tí mo ṣe géètì fún gbé pístù Browning wá bá mi. Ó ní tírígà rẹ̀ le jù, pé irin pẹ́ńpẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó dún tí mágásìn, ilé ọta rẹ̀, ò bá sí níbẹ̀, kí n bá òun yọ ọ́ dànù. Ó fi fídíò òyìnbó kan tó ń yọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ti san ₦10,000 sílẹ̀, ó ní ìwé rẹ̀ pé. Ìbọn náà wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ibi tí o ti ní ó wà nínú àpótí rẹ ni mo ka dé tí mo gbé tíì mi kalẹ̀. Ìwọ ń bi mí léèrè irin, èmi ń ro ti àpótí.

Nínú òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, ọ̀tọ̀ ni ṣakabùlà ọdẹ, ọ̀tọ̀ ni pístù. Pístù wà lára èyí tó jẹ́ èèwọ̀, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ. Kì í ṣe DPO, kódà kì í ṣe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. "Ìwé rẹ̀ pé" yẹn, mi ò gbà á gbọ́. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í dín ní ọdún 10, ẹni tí wọ́n sì bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń mú, ì báà má jẹ́ òun ló ni ín. Títún un ṣe pàápàá, òfin ò fi sílẹ̀ fún wẹ́dà.

Ní ti irin náà, ọdún 22 ni mo lò nínú yàrá ìbọn ọlọ́pàá kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ẹ̀pẹ́. Bẹ́ljíọ̀mù ni pístù yẹn ti jáde ní 1935. Àwọn ológun Faransé ló ní àfi kí irin yẹn wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe é tán, àwọn Faransé ò rà á. Oníbàárà rẹ ò parọ́ o: irin náà máa ń fara nu mágásìn bí wọ́n bá ń fa tírígà, ìyẹn ló ń mú un le. Pístù Glock ò tiẹ̀ ní irú rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé Glock mọ̀ pé kò ní in. Ẹni tó bá gbé Browning tí o ti yọ tirẹ̀, ta ni yóò sọ fún un?

Ẹnìkan nínú wa fẹ́ nu irú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó yọ mágásìn, ó wo ihò ìsàlẹ̀, ó ṣófo. Kò fa irin òkè sẹ́yìn wò. Ọta kan ṣoṣo ṣì jókòó sí ìdí ọ̀pá ìbọn. Ó fa tírígà. Ọta gba orí tábìlì kọjá, ó lu kúlà omi wa, omi tútù bẹ̀rẹ̀ sí í tú sórí bàtà mi. Etí mi òsì ò gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ kejì. Títí dòní a ò mọ ẹni tó yọ irin yẹn.

Mo ti ní kí olóòtú fi ìdáhùn yìí ránṣẹ́ sí ọ kí ìwé ìròyìn tó jáde. Má fọwọ́ kan ìbọn náà mọ́. Ti àpótí náà pa, kí o sì ti ṣọ́ọ̀bù. Má gbé e sórí ọ̀kadà pé o fẹ́ lọ dá a padà, ojú ọ̀nà ni wọ́n á ti mú ọ. Wá lọ́yà lónìí, kí ẹ jọ lọ sí tẹ́ṣàn, kí àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn wá gbé e níbi tó wà. Má ná ₦10,000 yẹn, má sì pa fídíò náà rẹ́. Lọ́yà rẹ á béèrè wọn.