Ṣé àwọn tó ń kọ rífíù fíìmù gba ti Traitor (2008)?

Wọ́n gbà á díẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn o. Don Cheadle ni wọ́n yìn jù, òun ló ṣe Samir Horn, mùsùlùmí tí bọ́ǹbù inú mọ́tò pa bàbá ẹ̀ níṣojú ẹ̀ ní Sudan nígbà tó wà lọ́mọdé, tó wá dàgbà tán tó lọ ń ṣe amí láàárín àwọn tó ń ju bọ́ǹbù, débi pé ìwọ tó ń wò ó gan-an ò ní tètè mọ ẹ̀yìn ta ló wà. (Steve Martin, aláwàdà yẹn, wà lára àwọn tó ronú ìtàn ẹ̀, ẹ gbọ́ ná!) Ohun táwọn kan ò fẹ́ ni pé apá FBI tó ń lé e, tí Guy Pearce ṣe, jọ ti fíìmù amí tá a ti ń wò tipẹ́, èmi náà ò sì lè bá wọn jiyàn ẹ̀.