Ilé tá a rà, hosta ló kún ẹ̀yìnkùlé ẹ̀: báwo ni mo ṣe máa mọ orúkọ wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A ra ilé kan ní Ohio lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìyá àgbà kan tó ti di olóògbé. Lẹ́yìn ilé yẹn, lábẹ́ àwọn igi ńláńlá, hosta, ewéko tí wọ́n ń gbìn torí ẹwà ewé ẹ̀, ló kún ibẹ̀ bámúbámú, ó máa tó ọgọ́ta ìdí, òmíràn fẹ̀ ju tábìlì lọ, òmíràn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Díẹ̀ ní lébẹ́ẹ̀lì tí òjò ti fọ̀, èyí tó pọ̀ jù ò ní nǹkan kan. Nígbà tí wíńtà dé gbogbo ẹ̀ rọ, ó kú pátápátá, mo rò pé èmi ni mo pa wọ́n, àfi bí wọ́n ṣe tún yọ jáde lóṣù tó kọjá. Ọmọ màmá yẹn obìnrin ní ọ̀pọ̀ ọdún ni màmá òun fi kó wọn jọ, ó ní ká jọ̀ọ́ ká má jẹ́ kó parun. Ọkọ mi ní òun fẹ́ hú gbogbo ẹ̀ ká fi ibẹ̀ gbin ùgwú àti tẹ̀tẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ orúkọ wọn, kí ni mo máa máa ṣe fún wọn, ṣé mo sì lè gé díẹ̀ lọ fún màmá mi ní Abẹ́òkúta? (Ìyá Ìbejì, Ohio)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé tuntun o. Ẹ bá mi sọ fún Baba Ìbejì kí wọ́n fọkàn balẹ̀ ná, bí wọ́n tilẹ̀ hú gbogbo hosta yẹn dànù ùgwú ò ní ṣe dáadáa níbẹ̀, torí abẹ́ igi ni, ùgwú àti tẹ̀tẹ̀ ń fẹ́ oòrùn gidi, màmá tó ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe tó fi jẹ́ pé nǹkan tó fẹ́ràn ibòji ló gbìn sábẹ́ igi. Kí Baba Ìbejì wá ibi tí oòrùn ti ń ta dáadáa, bóyá ẹ̀gbẹ́ gáréèjì, kí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ wọn síbẹ̀. Ìjà parí.

Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe jẹun ní Maryland níbí, àwọn oníbàárà mi tó bá hosta nínú ilé tí wọ́n rà kì í ṣe kékeré, ohun kan náà sì ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún gbogbo wọn: lọ́dún àkọ́kọ́ ẹ má hú nǹkan kan, ẹ má pín nǹkan kan, ẹ má ṣí ohunkóhun nípò. Wíwò ni iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á ti máa yún yín, àmọ́ hosta kì í kánjú, òmíràn á lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ní ìrísí tó yẹ kó ní, èyí tó ti gbó tẹ́ ẹ bá nílẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní owó. Èyí tó gbó náà ló sì rọrùn láti dá mọ̀, torí hosta kékeré jọra wọn débi pé àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an máa ń jiyàn lórí ẹ̀.

Ẹ mú bébà ńlá kan, ẹ ya ilé sí i, ẹ ya igi kọ̀ọ̀kan àti ọ̀nà tẹ́ ẹ máa ń gbà kọjá, kẹ́ ẹ wá fi nọ́ńbà sí ìdí hosta kọ̀ọ̀kan láti ọ̀kan títí dé ìparí. Nọ́ńbà yẹn lorúkọ ẹ̀ fún ìsinsìnyí. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ pe ọmọ màmá yẹn, ẹ bi í bóyá màmá ní ìwé kékeré kan, rìsíìtì, tàbí àwòrán ọgbà náà níbì kan, torí àwọn tó ń kó hosta jọ máa ń kọ nǹkan sílẹ̀, agbowó-orí gan-an ò kọ̀wé tó wọn. Ẹ tún bi í pé ọdún wo ni màmá bẹ̀rẹ̀, ọdún wo ló sì ṣíwọ́ rírà. Ìyẹn wúlò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. 'Blue Mouse Ears', kékeré aláwọ̀ aró tí gbogbo èèyàn ń rà báyìí, ọdún 2000 ni wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, tí màmá bá ti ṣíwọ́ rírà ní 1995, kò sí bó ṣe lè jẹ́ òun lẹ ní o, ẹnikẹ́ni ì báà sọ bẹ́ẹ̀.

Ti lébẹ́ẹ̀lì: ẹ fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níwájú ìdí kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń rì. Èyí tó jẹ́ irin tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ, ẹ fi omi ṣan ẹrẹ̀ ojú ẹ̀ láìfi nǹkan há a, kẹ́ ẹ dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sábẹ́ iná fóònù, ibi tí ẹnu pẹ́ńsùlù ti tẹ irin yẹn wọlé á hàn, mo ti ka orúkọ tí ẹni tó ni ín sọ pé kò sí níbẹ̀ mọ́ lọ́nà yìí. Àmọ́ ẹ má fi lébẹ́ẹ̀lì búra. Ilẹ̀ tó bá dì nígbà wíńtà tó tún yọ́ máa ń ti lébẹ́ẹ̀lì jáde, ajá á gbé e, ọmọdé á fi ṣeré, ẹni tó bá rí i nílẹ̀ á kàn tì í bọ ibi tó sún mọ́ ọn, ó ti wá ń jẹ́ orúkọ aládùúgbò nìyẹn. Orúkọ tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì, ẹ gbé e síwájú ewé wò, kí ewé jẹ́rìí sí i.

Kí lẹ máa wò lára ewé? Àsìkò tó dáa jù ni ìparí oṣù karùn-ún wọ oṣù kẹfà, ìgbà tí ewé ti ṣí tán tí oòrùn ò sì tíì bà á jẹ́. Ẹ ya fọ́tò ìdí náà lápapọ̀, ẹ ya ewé kan ṣoṣo níwájú àti lẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ wọn gíga àti fífẹ̀ ìdí náà. Ẹ ka iye iṣan tó wà ní apá kan ewé. Ẹ wò ó bóyá etí ewé ló funfun tí àárín dúdú tàbí àárín ló mọ́lẹ̀ tí etí dúdú, èyí nìkan á ti yọ ìdajì orúkọ dànù. Ṣé ewé náà jọ̀lọ̀ ni àbí ó rí gbágungbàgun, ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ àbí ó kó bí ife, ṣé ìdí igi ewé ní àmì pupa tótòtó? Nígbà tó bá yọ òdòdó, ẹ kọ ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀, àwọ̀ ẹ̀, àti bóyá ó ń ta sánsán. Òórùn yẹn ṣe kókó, torí ọ̀kan tó wá láti Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní Hosta plantaginea àtàwọn ọmọ ẹ̀ ló ń ta sánsán gidi, òdòdó rẹ̀ funfun, ó tóbi, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣí, oṣù kẹjọ sì ni. Tẹ́ ẹ bá jókòó síta lálẹ́ oṣù kẹjọ tí nǹkan kan ń ta sánsán láti ọ̀dọ̀ ìdí kan tí ewé rẹ̀ jẹ́ gíríìnì lásán, ẹ kọ́kọ́ fura sí 'Royal Standard', ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọgbà àtijọ́.

Èyí tí wọ́n ń pè ní blue, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ torí ó máa ń da orí èèyàn rú. Kò sí àwọ̀ aró kankan nínú ewé yẹn. Gíríìnì ni, ìda tó fẹ́lẹ́ gan-an ló wà lójú ẹ̀ tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò nu igun ewé kan, gíríìnì á yọ lábẹ́. Òjò, oòrùn àti ooru á máa họ ìda yẹn kúrò díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí hosta aláwọ̀ aró ti oṣù kẹfà fi máa ń di gíríìnì tó bá fi máa di oṣù kẹjọ, tí àwọn èèyàn á wá máa kọ lẹ́tà sí mi pé hosta àwọn ń kú. Kò kú o. Ẹ má kàn máa fi ọwọ́ pa á kiri.

Nínú ọgbà tó ti pẹ́ báyìí, ó dá mi lójú dáadáa pé ẹ máa rí 'Frances Williams': ewé ńlá gbágungbàgun, àárín aláwọ̀ aró, etí yẹ́lò tó fẹ̀. Obìnrin tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ló rí i ní nọ́sìrì kan ní Connecticut ní 1936. Etí ewé rẹ̀ máa ń jóná, ó ń di búráùn, kì í ṣe àrùn, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ sì lè rí 'Francee', ewé gíríìnì dúdú tó ní etí funfun tín-ín-rín. 'Patriot', ọmọ 'Francee' ni, etí funfun tiẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ nígbà míì ẹ̀ka kan lára 'Patriot' á padà di 'Francee', ẹ wá rí orúkọ méjì nínú ìdí kan. American Hosta Society, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ hosta ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, ló ń ṣàkójọ orúkọ tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ni. Torí náà tẹ́ ẹ bá ti wá orúkọ ìdí kan títí tí ò bára mu, ẹ má fipá sọ ọ́ lórúkọ jàre. Ẹ kọ "No. 14, ńlá, etí yẹ́lò, òdòdó funfun" sí i, ó sàn ju orúkọ irọ́ tẹ́ ẹ máa kó fún ẹlòmíràn lọ.

Ohun tó ń já mi láyà ju ọ̀rọ̀ orúkọ lọ rèé. Àrùn kan wà, Hosta Virus X, Yunifásítì Minnesota ni wọ́n ti dá a mọ̀ ní 1996, kò ní oògùn, ìdí tó bá ti mú kò ní sàn mọ́. Kì í pa hosta lójijì, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀, ìdí náà lè wà fún ọdún mélòó kan kí ojú má rí nǹkan kan lára ẹ̀, kí ọ̀bẹ yín sì ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Omi ara ewé ló ń gbé e kiri, ọ̀bẹ, ṣọ́bìrì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, ọwọ́ èèyàn pàápàá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ má pín nǹkan kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ lọ wo àwọn tó ní ewé yẹ́lò dáadáa, bíi 'Sum and Substance' àti 'Gold Standard', tí àrùn náà bá wà lára wọn, gíríìnì á máa ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ewé wọ ibi tó yẹ kó jẹ́ yẹ́lò, bí ìgbà tí aró yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ẹni tó yà á ò mọwọ́ iṣẹ́. Ewé mìíràn á rí jákujàku, á kó jọ, á ní kókó, àwọ̀ ẹ̀ á rí kàlákìní níbi tí kò yẹ. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ wa á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ sọ ọ́ síbi ìdọ̀tí, kò gbọdọ̀ dé ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣe kóńpósìtì, ẹ má sì gbin hosta míì síbẹ̀ fún bí ọdún méjì. Tí kò bá dá yín lójú, wọ́n ń ta nǹkan tí wọ́n fi ń dán an wò nílé. Láti ìsinsìnyí lọ, kẹ́ ẹ tó ti ìdí kan bọ́ sí òmíràn, ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ, kẹ́ ẹ tún tì í bọ bílíìṣì ìdá kan nínú omi ìdá mẹ́sàn-án. Ó ń sú èèyàn, mo mọ̀.

Ìtọ́jú tó kù ò le. Omi tó tó íńṣì kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú òjò, ìdí ni kẹ́ ẹ bu ún sí kì í ṣe orí ewé, torí kòkòrò wẹ́wẹ́ kan wà tí ojú lásán ò lè rí, inú omi tó wà lójú ewé ló máa ń gbà kiri, oṣù keje ẹ máa rí ìlà búráùn láàárín iṣan ewé. Ajílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí èéhù bá ń yọ. Èèpo igi lílọ̀ bí íńṣì méjì, kó má kan ìdí rẹ̀. Ihò jálajàla lára ewé, ìgbín tí kò ní ìkarahun ni, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì jáde lálẹ́ ẹ máa rí wọn, oògùn tó ní iron phosphate ni kẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀ tí ewé ti lọ tán tó ku igi ewé nìkan, àgbọ̀nrín ni, ní Ohio ẹ ò lè bọ́ lọ́wọ́ wọn, oògùn tó ń rùn bí ẹyin jíjẹrà tẹ́ ẹ máa tún fín lẹ́yìn òjò, tàbí wáyà tó ga. Tí ìdí kan bá dédé wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ fà á tó tẹ̀ lé yín láìní gbòǹgbò, eku abẹ́ ilẹ̀ ti jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá sọ pé ìrì dídì ń bọ̀ lẹ́yìn tí ewé ti yọ, ẹ fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì bò wọ́n mọ́jú. Lẹ́yìn tí wíńtà bá ti jẹ́ kí ewé rọ, ẹ gé e kúrò, ẹ lọ sùn, abẹ́ ilẹ̀ ló wà.

Tó bá di ọdún kejì tẹ́ ẹ fẹ́ pín, ìgbà tí èéhù bá ń yọ lẹ́yìn wíńtà tàbí ìparí oṣù kẹjọ ló dáa, kí èyí tẹ́ ẹ gé ní èéhù mẹ́ta ó kéré tán pẹ̀lú gbòǹgbò. Èyí àkọ́kọ́, ẹ bá mi gbé e fún ọmọ màmá yẹn. Àwọn ará Japan máa ń jẹ èéhù ẹ̀, urui ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń sè é bí ẹ̀fọ́, àmọ́ ẹ má jẹ tinú ọgbà yìí o, ẹ ò mọ oògùn tí màmá fín síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ní ajá tàbí ológbò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́, ó ń mú wọn bì.

Ti màmá yín ní Abẹ́òkúta, ẹ má ṣe wàhálà. Hosta gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù tó lọ sísàlẹ̀ bíi 4°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọọdún, tí kò bá rí i, á kàn máa kéré sí i lọ́dọọdún títí á fi tán, ọyẹ́ Abẹ́òkúta ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Yàtọ̀ síyẹn, ewéko tó ní gbòǹgbò nínú báàgì láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ fowó ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé kó bá màmá ra caladium lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, òun náà ní ewé aláràbarà, ó fẹ́ràn ibòji, ooru ló sì ń wá. Kí wọ́n má jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ibẹ̀.