Ọmọńdinrín àti ìka kẹfà: ta ni wọ́n ń pè ní Olúgbódi?

Bàbá ìkókó kan ló kọ̀wé sí mi láti Ọ̀fà. Ó ní: "Alájà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi bí obìnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìka wẹ́wẹ́ kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ìyá mi ní Olúgbódi ni, ká má fọwọ́ kàn án. Ìyá ìyàwó mi ní òwú dúdú ni ká fi so ó, pé yóò gbẹ, yóò já. Kí ni Olúgbódi gan-an? Ǹjẹ́ ọmọńdinrín tiẹ̀ ní ìtumọ̀ kankan lọ́dọ̀ Yorùbá, àbí ìka lásán ni?"

Ẹ kú ewu ọmọ. Ọlọ́hun á dá a sí. Òwú yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú: bẹ ìyá ìyàwó rẹ kó dá a padà sínú agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Màá dé orí ìdí rẹ̀. Ọdún 29 ni mo fi gbẹ̀bí nílùú Ìlọrin kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn Olúgbódi tó gba ọwọ́ mi kọjá kò ṣeé kà tán.

Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Ìgè tó mú ẹsẹ̀ wáyé, Àìná tó gbé ìwọ́ kọ́rùn, Dàda tí irun rẹ̀ ta kókó, Ọ̀kẹ́ tó wà nínú àpò, Àjàyí tó dojú bolẹ̀. Ọmọ tó bá wá pẹ̀lú ìka tó lé, ti ọwọ́ ni o, ti ẹsẹ̀ ni o, Olúgbódi ni, ọkùnrin tàbí obìnrin. Kíyè sí i pé ọmọ ló ń jẹ́ orúkọ náà, ìka kọ́. Mo ti gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì ọmọdé kan rí: "A ti gé olúgbódi rẹ̀ kúrò." Ta ni yóò gé Olúgbódi? Ìka kẹfà ni wọ́n gé. Dàda tí wọ́n ti fá irun rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dàda títí dọjọ́ alẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni Olúgbódi tí ọwọ́ rẹ̀ ti padà sí ìka márùn-ún.

Bí ọmọ bá mú àmì wáyé, Yorùbá kì í ṣe bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n á fi orúkọ kí i káàbọ̀. Àwọn àgbà tí mo bá láyé ní ọlọ́rọ̀ ọmọ ni Olúgbódi, pé ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọ̀run wá, á pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láyé. Ohun tó ń ba ìyá rẹ lẹ́rù nìyẹn: lójú tirẹ̀, bí ẹ bá gé ìka yẹn, ọlà ọmọ lẹ gé. Èmi ò tíì rí ẹni tí gígé ìka sọ di tálákà. Mi ò sì rí ẹni tí àìgé e sọ di olówó. Olúgbódi kan wà ládùúgbò wa tí ìka kẹfà rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ pérépéré, owó àjọ tó jẹ mí láti ọdún tó kọjá, kò tíì rí i san.

Ní Ìlọrin níbí, àfáà ló ń pe orúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Nímọ́tà tàbí Ráfátù ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ Olúgbódi lórí ẹní àdúrà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àwọn àlejò jẹun tán kí wọ́n lọ, wàá gbọ́ tí ìyá àgbà inú ilé ń wẹ ọmọ tó ń pè é ní Olúgbódi. Mi ò rí ìjà láàárín méjèèjì.

Ọmọńdinrín wá ńkọ́? "Ọmọ" tó ṣíwájú orúkọ rẹ̀ ti sọ ipò rẹ̀: òun ni àbíkẹ́yìn nínú ìka. Wo bí èdè wa ṣe sọ àwọn yòókù. Ìfábẹ̀lá, iṣẹ́ tó ń ṣe nídìí ọbẹ̀ la fi pè é. Ìka òrùka, ohun ọ̀ṣọ́ tó ń wọ̀ ni. Ọmọńdinrín nìkan la wò ní kíkéré, a ò wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó o bi mí bóyá ìka lásán ni.

Egungun 27 ló wà nínú ọwọ́ kan, láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Àtàǹpàkò tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀, egungun méjì ló ní. Ọmọńdinrín ní mẹ́ta, bíi ti ìka gígùn àárín. Ó sì ní iṣan tirẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ tó ń nà án. Bó o bá fẹ́ rí i, tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ sórí tábìlì, ká ìka àárín sábẹ́ kó fara ti igi, kí àwọn yòókù wà ní títẹ́. Gbìyànjú láti gbé ìka òrùka nìkan sókè. Kò ní gbérí, àfi bíi pé ẹnì kan fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀, torí okùn iṣan tirẹ̀ so mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Wá gbé ọmọńdinrín. Fìrì ló ń dìde! Àbíkẹ́yìn ń dá rìn níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dúró de ẹgbẹ́. Ní ti kíká ni kò ti lómìnira tó bẹ́ẹ̀: ká ọmọńdinrín nìkan wò, wàá rí i pé ìka òrùka fẹ́ bá a lọ.

Ibi tí agbára rẹ̀ ti hàn gan-an ni ìdìmú. Ní kí ìyàwó rẹ yá ọ ní ọmọ odó. Dì í mú, kó o wá na ọmọńdinrín síta bí ẹni tó ń mu tíì lọ́dọ̀ gómìnà, kó o bẹ̀rẹ̀ sí gún iyán. Kò ní pẹ́ tí ọmọ odó yóò fi máa yí lọ́wọ́ rẹ, tí yóò máa kọlu etí odó. Àwọn tó fi ẹ̀rọ wọn agbára ìdìmú rí i pé bí wọ́n bá yọ ọmọńdinrín kúrò níbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára náà ló ń bá a lọ. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ló ń mú abẹ́rẹ́ àti kálàmù. Ohun tó bá wúwo, ọkọ́ ni o, àdá ni o, ìsàlẹ̀ ọwọ́ ló ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà tí ìjàkadì jẹ́ orò ìlú yín, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí jù wá lọ: ẹni tó bá rí ọmọńdinrín rẹ ṣí kúrò lára ìdí ṣòkòtò tó o dì mú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ọ ná.

Ohun kan tún wà táwọn ènìyàn kì í so mọ́ ọmọńdinrín. Bí ìgúnpá rẹ bá ṣèèṣì kọlu etí ilẹ̀kùn, níbo ló máa ń ta dé? Ọmọńdinrín ni, àti ìdajì ìka òrùka. Iṣan ìmọ̀lára tó ń sìn wọ́n gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá, awọ nìkan ló bò ó níbẹ̀. Òun náà wà lára àwọn iṣan tí àrùn ẹ̀tẹ̀ máa ń bà jẹ́ jù. Bí àgbàlagbà bá wá sọ́dọ̀ wa nígbà yẹn tó ní ọmọńdinrín òun ń kú tàbí pé ó ń ká kò, a kì í sọ pé kó lọ fi òrí pa á. Bí tìrẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, lọ rí dókítà.

O bèèrè ìtumọ̀. Lọ́dọ̀ àwa mùsùlùmí Ìlọrin, inú ẹ̀sìn ni ọmọńdinrín ti ń ṣiṣẹ́ jù. Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà tó bá Ànábì gbé, ló ròyìn pé ibí yìí ni òrùka Ànábì máa ń wà, ó sì na ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀. Al-Mustawrid, sàhábà mìíràn, rí Ànábì tó ń fi ọmọńdinrín ya àárín ìka ẹsẹ̀ nígbà àlùwàlá. Òun ló wọlé síbẹ̀ wẹ́rẹ́, gbìyànjú àtàǹpàkò wò. Nínú ìrun, tá a bá jókòó tí a fẹ́ na ìfábẹ̀lá, ọmọńdinrín àti ìka òrùka ni ọ̀pọ̀ wa ń ká mọ́lẹ̀. Tẹ̀sùbáà ńkọ́? Bàbá mi kò fẹ́ràn èyí tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sín. Oríkèé ìka ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ka Sùbùhánálláhì rẹ̀ tó fi ń pé 33, ìdí ọmọńdinrín ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí àtàǹpàkò á máa gun orí oríkèé lọ bí ẹni ń gun àkàsọ̀. Ọwọ́ náà kan náà ni mo rántí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń dúdú, láti ọmọńdinrín wá sí ọrùn ọwọ́, torí láti ọ̀tún sí òsì ni kéwú ń lọ, tàdáwà, íńkì kéwú, tí kò tíì gbẹ lórí wàláà, pátákó ìkọ̀wé rẹ̀, a sì máa ràn mọ́ ọn. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kọ̀wé lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ là ń wò.

Ti ọmọdé tún wà, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní agbo ilé wa, bí ọmọ méjì bá jà, wọ́n á fi ọmọńdinrín kọ́ra wọn, ẹlẹ́kẹta á fi etí ọwọ́ gé e. Ọ̀rẹ́ ti já nìyẹn, ó di kí wọ́n tó tún jẹ gúgúrú pọ̀.

Nínú òwe, gbogbo ìka ló ń jọ sọ̀rọ̀. "Ìka ò dọ́gba" ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti sọ, pàápàá ẹni tó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ìwọ̀nba tirẹ̀ kó sì dákẹ́. Èmi fẹ́ràn èkejì jù: "Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé." Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, kí wọ́n má kó gbogbo ilé mọ́ ọn. Ìka kẹfà ọmọ rẹ ò tíì ṣẹ ọba kankan, kò sídìí tí ẹ ó fi sáré bí ẹni tí wọ́n rán wá mú un.

Ọ̀rọ̀ òwú wá kù. Ìka àlékún ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ fíìfíì, inú ìdílé ló sì sábà máa ń wà. Irú méjì ni. Ọ̀kan ní egungun, ó ní oríkèé, ó fìdí múlẹ̀. Èkejì rọ̀, awọ tín-ín-rín ló fi so mọ́ ọwọ́, bí èyí tó o ṣàpèjúwe yìí. Torí pé ó rọ̀ yẹn làwọn ènìyàn ṣe ń so ó. Òwú á dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà, ìka á dúdú, á gbẹ, á já. Nígbà míì ó ń lọ bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iṣan ìmọ̀lára wà nínú awọ tín-ín-rín yẹn. Bí òwú kò bá dé ìdí rẹ̀ dáadáa, kókó kan ń ṣẹ́kù, iṣan á ta jọ síbẹ̀, á máa dun ọmọ bí nǹkan bá kàn án. Mo gba ọmọ kan wọlé nígbà kan tí wọ́n so tirẹ̀ nílé ìwòsàn kékeré kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni òwú fi wà níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọ ti wú dé ọrùn ọwọ́, ó ń rùn, ìyá rẹ̀ fi ìborí rẹ̀ wé e kí n má baà rí i. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nítorí náà, tú ẹsẹ̀ ọmọ wò, wo ọwọ́ kejì náà, ka ìka rẹ̀ dáadáa. Bí kò bá wú, tí kò sì ṣẹ̀jẹ̀, kò sí kánjúkánjú. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n ya àwòrán egungun bó bá yẹ, kí wọ́n sọ ọjọ́ tó dára láti yọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi sílẹ̀, èyí tí kò bá dí ọmọ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè fi ipá yọ ọ́.

Kó o tó lọ, jókòó ti ìyá rẹ. Gba ọwọ́ òsì rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀tún, fi àtàǹpàkò rẹ tọ ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó o bá kan kókó wẹ́rẹ́ kan níbẹ̀ bíi hóró ọkà bàbà, bi í lẹ́ẹ̀rè ta ló so tirẹ̀.