Báwo ni mo ṣe lè tètè mọ kókó tó so àwọn ìdáhùn inú crossword (eré fífi lẹ́tà ìdáhùn kún àpótí) ti ìwé ìròyìn New York Times pọ̀?

Àwọn ìdáhùn tó gùn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, àwọn ló sábà máa ń gbé kókó náà, wọ́n sì máa ń wà ní méjì-méjì: bí ọ̀kan bá wà ní ìlà kẹta láti òkè, ẹ wo ìlà kẹta láti ìsàlẹ̀, ẹ ó rí èkejì tó gùn bákan náà. Ìdí ni pé bí ẹ bá dorí àwòrán àpótí crossword náà kodò, ibi tí àwọn àpótí dúdú wà kì í sábà yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìbéèrè tó tú àṣírí kókó. Apá ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń wà. Èmi a máa kà á kí n tó kọ lẹ́tà kankan, ó sì ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìbéèrè kan bá ní àmì “?” níparí, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ibẹ̀ bó ṣe rí lójú, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, bí ìdáhùn tó dá yín lójú bá gùn ju àyè rẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ pé lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ló wà nínú àpótí kan ṣoṣo.

Ọjọ́ Ajé ló rọrùn jù, níbẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ti ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta kì í sábà ní kókó rárá.